Ìwé Tí Eèrà Bò

Eèrà ló kọ́kọ́ ka ìwé náà kí ọlọ́pàá tó kà á.

Nígbà tí Onímú ṣílẹ̀kùn yàrá kékeré tí wọ́n fún àwọn ọlọ́pàá ní àfonífojì yẹn, ó rí àwọn eèrà náà lórí tábìlì. Wọ́n tò láti ojú fèrèsé wá, wọ́n ń wọnú ìwé, wọ́n ń jáde, àfi bí ẹni pé ojúewé kọ̀ọ̀kan ní ohun tó dì fún wọn lọ sílé. Ìwé Àwọn Àkọ́dé ni wọ́n ń pe ìwé ọ̀hún. Ìtàn ogójì ilé tó wà ní àfonífojì náà ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ni ilẹ̀ òkè tó gbẹ, ẹni tí wọ́n lé sí àbàtà. Àná ni Alága ìgbìmọ̀ àjogúnbá gbé e wá, ó ní òun rí i nínú náílọ́ọ̀nù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bíríkìlà.

Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ti wà ní àhámọ́ láti ìjẹta, nítorí ìjẹta ni wọ́n bá Tíṣà àgbà, ẹni tó ń tọ́jú ìwé náà, ní òkú nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn Ilé Àjogúnbá. Bíríkìlà ni ẹni ìkẹyìn tí wọ́n rí tó jáde níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Onímú o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, nítorí bí èèyàn bá mu ọtí lọ́jọ́ Ajé, títí Ọjọ́rú ni obìnrin yìí á ṣì máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá pe irú imú bẹ́ẹ̀ lẹ́bùn kò mọ bí ayé ṣe ń rùn tó.

Ó gbọn eèrà dànù, ó tẹ imú mọ́ ojúewé kìíní, kíá ló sì gbé orí sókè.

"Sájẹ́ńtì! Wá gbóòórùn nǹkan yìí."

Sájẹ́ńtì, ọkùnrin gbàgìdì tó ku ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì, wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. "Ọ̀gá, mò ń jẹun o."

"Gbóòórùn ẹ̀."

"Ìwé àtijọ́ kì í rùn bíi lọ́fíńdà, Ọ̀gá." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á sínú, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù. "Yéè! Ó ń rùn bí ẹnu ọmọ ọwọ́ tó pọ mílíìkì."

"O káre. Ìgbà wo lọkọ̀ máa gbé Bíríkìlà?"

"Ọ̀sán gangan. Wọ́n á gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù ìlú ńlá, ẹ̀sùn ìpànìyàn. Bó bá ti gòkè yẹn, Ọ̀gá, ó di gbére."

Onímú wo aago. Wákàtí mẹ́rin ló kù.

*

Lẹ́nu ọ̀nà àhámọ́, ọmọbìnrin kan jókòó lórí àpótí pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tó fi aṣọ bò. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré àfonífojì ni. Òun náà ni ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí. Ẹkún ti wú ojú rẹ̀, síbẹ̀ ojú náà ṣì lẹ́wà débi pé Sájẹ́ńtì gbàgbé láti jẹun fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

"Ẹni tí wọ́n ló pa bàbá ẹ lò ń gbé oúnjẹ fún," Onímú wí. "Ẹnu ayé kò bà ẹ́ lẹ́rù?"

"Ẹnu ayé kò fẹ́ mi sọ́nà, Mà. Òun ló fẹ́ mi."

"Mo gbọ́ pé bàbá ẹ lóun kò ní fi ọmọ òun fún ìdílé àtọ̀húnrìnwá. Mo gbọ́ pé ìwọ náà dá a lóhùn lójú agbo."

"Òótọ́ ni. Mo sọ pé bí wọn kò bá gbà, màá bá a lọ." Ọmọbìnrin náà ń ká etí aṣọ tó wà lórí abọ́. "Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti yí padà. Bí mo bá dárúkọ ẹ̀, wọ́n á kàn máa wò mí, omi á lé ròrò sójú wọn. Wọn ò sọ ohun tó dé."

"Níbo lo wà lálẹ́ ọjọ́ tó kú?"

"Mò ń gbẹ̀bí. Ìbejì ni obìnrin náà bí. Ẹ lè lọ bi àwọn ìbejì."

Onímú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ìbejì náà wà lóòótọ́. Igbe wọn ni kò jẹ́ kó sùn. Ó yọ orúkọ Nọ́ọ̀sì kúrò nínú àwọn tó ń fura sí.

Bíríkìlà dìde nígbà tí wọ́n wọlé. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ìka rẹ̀ funfun fún ẹfun àti sìmẹ́ńtì. Kò wo ọlọ́pàá kankan. Ojú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká Onímú kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó bá ti Nọ́ọ̀sì pàdé níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró sínú ìwò yẹn bí ẹni pé irin ilẹ̀kùn kò sí láàrin.

"Èmi ni kó o wò," ni Onímú wí. "Ipa bàtà ẹ tó ní sìmẹ́ńtì wà lára àtẹ̀gùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀."

"Mo gòkè, mo sì sọ̀ kalẹ̀, Mà. Ṣé kí n fò bọ́ láti ojú fèrèsé ni?"

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín. Onímú wò ó, kíá ló fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Tíṣà ló ránṣẹ́ pè mí."

"Kí wọ́n sọ kí ni?"

"Wọ́n ní kí n má sọ títí wọn yóò fi kà á fúnra wọn lójú gbogbo èèyàn."

"Wọ́n ti kú, ọmọ mi. Bí o kò bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á gbé ìwọ náà lọ síbi tí o ò ti ní rẹ́ni sọ ọ́ fún."

Lẹ́nu ọ̀nà, Nọ́ọ̀sì sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Jọ̀ọ́. Nítorí mi."

Ìgbà yẹn ni Bíríkìlà sọ ọ́. Tíṣà gbé ìwé náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà ìdáná Ilé Àjogúnbá, ó ka ojúewé kìíní fún un. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ dé àfonífojì yẹn, ó ru iyọ̀, ó fa ọmọ méjì lọ́wọ́. Ìyá ńlá Bíríkìlà ni. Ní ọdún keje ni baba ńlá Alága dé, ibà ń ṣe é, obìnrin yìí sì gbà á sílé, ó tọ́jú ẹ̀. Kò sí àtọ̀húnrìnwá kankan nínú ẹbí tí wọ́n lé sí àbàtà. Àwọn gan-an ni onílé. Lẹ́yìn tí Tíṣà kà á tán, ó di ọwọ́ ọmọ oníṣẹ́ náà mú, ó ní, "Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́. Mú ìyá ẹ wá ní ọ̀la. Mo fẹ́ fún ọ ní ọmọ mi."

Igbe bọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́ oúnjẹ ti dà sílẹ̀.

Onímú kò yíjú padà. Ó ń ronú. "O ní orí àjà ìdáná?"

"Gbogbo ìwé ibí yìí, orí àjà ló ń gbé, Mà. Ọ̀rinrin àfonífojì á jẹ ẹ́ bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èéfín ló ń pa á mọ́. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìgbéyàwó ìyá mi, ẹ ó sín."

*

Ilé Àjogúnbá jẹ́ ilé ọlọ tẹ́lẹ̀, òkè kan àti ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró bí ọ̀nà ọ̀fun. Dókítà tó yẹ òkú wò ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbàdí Tíṣà ló fọ́, àti pé kò kú títí di ìdájí. Gbogbo òru ló fi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Awọ ìka rẹ̀ bó, nítorí pé ó fi ń gbá ògiri.

Onímú gun orí àga, ó ń fa ìwé sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà: lẹ́tà, ìwé ẹ̀rí ìbí, àwòrán ilẹ̀. Gbogbo wọn ló pọ́n rúsúrúsú, gbogbo wọn ló ń rùn bí ẹja yíyan. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá mú Ìwé Àwọn Àkọ́dé. Ó gbóòórùn èèpo rẹ̀: èéfín. Ó gbóòórùn inú rẹ̀: ohun tó kan.

"Sájẹ́ńtì, èèpo òótọ́ ni, inú irọ́ ni. Ẹnìkan bó ìwé yìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rán inú mìíràn sí i."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò ti gbó tẹ́lẹ̀, Ọ̀gá? Ó pọ́n dáadáa."

"Ohun tí wọ́n fi pọ́n ọn ni mò ń wá. Kí leèrà fẹ́ràn?"

"Ṣúgà."

"Kí ló ń kan bí wọ́n bá fi sílẹ̀?"

"Mílíìkì." Sájẹ́ńtì ya ẹnu. "Tíì!"

"Tíì ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí o bá ri bébà tuntun sínú tíì, á dà bí àtijọ́. Ṣùgbọ́n tíì lásán ni. Rántí ọjọ́ tí a dé ibí, tí mo ní kí wọ́n fún mi ní tíì láìsí mílíìkì. Kí ni wọ́n bi mí?"

"Wọ́n ní ṣé inú ń run yín ni."

"Nínú kẹ́tùrù kan náà ni wọ́n ń se omi, ewé, mílíìkì àti ṣúgà pọ̀ níbí. Ẹni tó ṣe ayédèrú yìí kò tíì rí tíì mìíràn láyé ẹ̀. Ó rì í, ó sá a gbẹ, ó wé e sínú náílọ́ọ̀nù, ọ̀rinrin bá jí mílíìkì dìde."

"Ọmọ ibí ni nígbà náà. Ṣé kò mọ̀ pé ó yẹ kó rùn bí èéfín?"

"Ta ló ń gbé nínú èéfín tó ń gbọ́ òórùn èéfín?"

Ó gbé ojúewé kan sókè síhà oòrùn. Ìlà òróró wà lára rẹ̀, tóóró, tó tẹ̀ léra wọn bí eegun ìhà. Ó fi imú kàn án. Bọ́tà ni.

*

Ilé Alága wà ní òdìkejì odò, lórí ilẹ̀ òkè tó gbẹ. Ó ti gbé pátákó kọ́ sára ògiri rẹ̀, ó kọ ILÉ ÀKỌ́DÉ sí i, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni àwọn aláṣẹ àjogúnbá ń bọ̀ wá sọ àfonífojì náà di ibi àbẹ̀wò, ilé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n sì máa fi ṣe ojúkò rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi," ni Alága wí. Aṣọ funfun ló wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́. "Ṣé kí n ní kí wọ́n po tíì fún yín?"

Onímú wo ife tó wà níwájú rẹ̀. Ìfófó mílíìkì ti dì lé e lórí bí awọ ojú afọ́jú. "Rárá, ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀rẹ́ yín ni Tíṣà?"

"Ọ̀rẹ́ kẹ̀? Ìmùlẹ̀! Àná gan-an mi ò lè jẹun."

"Ó mà ṣe o! Ẹ pẹ̀lẹ́," Sájẹ́ńtì wí, ó ń wo egungun adìyẹ tó wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe ẹ̀," Onímú wí. "Ilé búrẹ́dì kò ju ògiri kan lọ síbẹ̀."

"Á, Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lè gbọ́. Orin ló ń kọ láti ìdájí títí ilẹ̀ fi mọ́. Obìnrin yẹn, bó bá ń po ìyẹ̀fun, á kọrin débi tí ògiri á fi máa dáhùn."

"Orin ló ń kọ."

"Orin ni."

"Odò ló wà láàrin ilé yín àti tiẹ̀, Bàbá. Ariwo omi yìí kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí Sájẹ́ńtì ń sọ lẹ́nu ọ̀nà yín. Etí wo lẹ fi gbọ́ orin ìdájí?"

Alága gbé ife, ó mu, ìfófó náà lẹ̀ mọ́ ètè òkè rẹ̀. "Wọ́n... àwọn èèyàn ló sọ fún mi."

"Wọ́n ṣe dáadáa," ni Onímú wí, ó sì dìde.

*

Ilé búrẹ́dì móoru, ó mọ́ tónítóní, òórùn rẹ̀ dùn. Ìyẹn gan-an ló tún bí Onímú nínú. Ìyá Oníbúrẹ́dì, obìnrin sísanra tó máa ń pe gbogbo èèyàn ní olólùfẹ́, kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ wọlé, olólùfẹ́ mi! Ọ̀gbẹ́ni yìí ti di oníbàárà mi. Ìjẹta nìkan, mẹ́rin ló jẹ!"

"Ó gbóná ni," Sájẹ́ńtì wí, ojú ń tì í.

Onímú fa pẹpẹ irin kan tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì jáde. Irin tóóró tóóró ni wọ́n tò pọ̀ ṣe é. Ó tẹ́ ojúewé ìwé lé e lórí. Ìlà bọ́tà àti irin bá ara wọn mu, kò fi irun kan yẹ̀.

Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà díẹ̀díẹ̀. "Pẹpẹ pọ̀ láyé, olólùfẹ́."

"Sájẹ́ńtì, lọ sí Ilé Àjogúnbá. Dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n ti bá Tíṣà. Má pariwo. Sọ ohun tó bá wù ẹ́, bí aláìsàn ṣe máa sọ ọ́."

Wọ́n dúró. Iná ń ta pàrà nínú ààrò. Lẹ́yìn náà, láti inú ògiri, ní ìsàlẹ̀, ohùn kan jáde, tó rẹlẹ̀, tó dá ṣáká: "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí tutù o. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ bo etí.

"Kí ni Tíṣà sọ, Ìyá?"

"Mi ò gbọ́..."

"Kí ló sọ?"

"Orúkọ mi!" Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, lẹ́búlẹ́bú funfun gbéra yí i ká. "Ó ń pe orúkọ mi. Èmi náà ti jókòó ní kíláàsì ẹ̀ rí. Ó ní, 'Wá ṣílẹ̀kùn fún mi, wá fún mi lómi.' Alága wà níbí, ó ń rán èèpo ìwé mọ́ inú tuntun. Ó ní ẹ̀mí ẹ̀ máa tó jáde, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo bá ń kọrin. Bó bá pè mí, màá gbé ohùn sókè. Mo kọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi bó."

"Ta ló pọ́n ìwé tuntun náà?"

"Gbogbo ìgbìmọ̀ ni. Àwa méje. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ìgbà tí Tíṣà ti sọ fún Alága pé òun máa ka ojúewé kìíní. A pé jọ síbí, mo se kẹ́tùrù ńlá, kálukú ń rì í, a ń rẹ́rìn-ín. A rò pé... a kàn máa pààrọ̀ ẹ̀ ni. Wọ́n ṣèlérí fún kálukú pé àlejò máa wọ̀ sílé ẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n lọ máa wọ̀ sí àbàtà?"

"Inú ìwé gidi ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ẹnu ààrò.

Sájẹ́ńtì ti dé ẹnu ọ̀nà, eruku wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́.

"Ìdájí ọjọ́ náà?" ni Onímú bi í. "Ààrò yìí?"

"Igi tutù, iná kò fẹ́ mú. Bébà yẹn gbẹ dáadáa. Òun la fi dáná búrẹ́dì ìjẹta."

Sájẹ́ńtì yí padà, ó di ògiri mú, gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀ sì tú jáde sẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Onímú kò bá a wí. Òun náà ti jẹ ẹyọ kan lọ́jọ́ náà, ó sì yin adùn rẹ̀. Gbogbo ogójì ilé ló jẹ nínú rẹ̀. Èéfín tó pa ìtàn obìnrin oníyọ̀ mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ló wọnú búrẹ́dì lọ, wọ́n sì fi tíì tì í.

*

Alága kò pẹ́ lẹ́nu ìbéèrè mọ́ nígbà tó gbọ́ pé Ìyá Oníbúrẹ́dì ti sọ ọ̀rọ̀.

"Mi ò tì í," ni ó ń sọ. "Ó bá mi níbi tí mo ti ń gbé ìwé náà kúrò lórí àjà. Ó fà á, mo fà á. Ó ṣubú. Ẹnikẹ́ni lè ṣubú."

"Mo gbà. Lẹ́yìn náà?"

"Mo sọ̀ kalẹ̀."

"Àtẹ̀gùn yẹn tóóró, Bàbá. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ gan-an ni Tíṣà dùbúlẹ̀ sí. Báwo lẹ ṣe kọjá?"

Alága ń fi ìka nu eruku tí kò sí lára aṣọ funfun rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe kọjá?"

"Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹ̀."

"Ó ń wò yín?"

"Ó di etí ṣòkòtò mi mú." Ó gbé ojú sókè, ó wò ó bí ẹni tó retí pé kí wọ́n káàánú òun. "Mo ní láti já a gbà."

Onímú ti rí òkú tó jẹrà nínú kànga rí, kò sá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó jáde, ó lọ dúró sétí odò, ó mí sínú, ó mí síta, kò sì rí atẹ́gùn kan tó mọ́ tó láti fà símú.

Nígbà tó padà, ó jókòó, ó fún Bíríkìlà ní àga, ó ní kó sọ ojúewé kìíní náà lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bí Tíṣà ṣe kà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀: iyọ̀, ọmọ méjì, ibà, ọdún keje. Fáìlì ọlọ́pàá nìkan ló kù láyé tí ìtàn náà wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán gangan, ọkọ̀ dé. Alága ló wọ̀ ọ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé e. Àwọn márùn-ún yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo àfonífojì ti jáde síta láti wòran. Wọ́n dúró lọ́nà méjì, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, àwọn kan náà tó sọ òkò lu fèrèsé àhámọ́ níjẹta.

Bíríkìlà jáde. Nọ́ọ̀sì lọ pàdé rẹ̀ láàrin ojú ọ̀nà, kò bìkítà ẹni tó ń wò. Ó gbé ọwọ́ oníṣẹ́ náà, ọwọ́ tó ti sán nítorí sìmẹ́ńtì, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀.

Onímú ń dúró de ẹyọ ọ̀rọ̀ kan látẹnu àwọn tó ń wòran. Ẹ jọ̀ọ́. Má bínú. A ṣì ọ́ dá lẹ́bi. Ó wo ojú dé ojú.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, bàbá arúgbó kan wúkọ́, ó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ọmọ mi, kú ewu. Ògiri ẹ̀yìnkùlé mi tó wó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé wàá lè bá mi yà wò ó lọ́la?"

Bíríkìlà wò ó pẹ́. Ó wo pátákó ọ̀dà tútù tó ń tàn lókè odò, ó wo gbogbo wọn.

"Ẹ ní kí àwọn àkọ́dé bá yín mọ ọ́n, Bàbá."

Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká kan, ó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ní àbàtà, ìyá náà jáde pẹ̀lú ẹrù kékeré lórí, àwọn mẹ́ta sì gba ọ̀nà òkè tó jáde kúrò ní àfonífojì. Wọn kò sáré. Wọn kò wẹ̀yìn.

Onímú tutọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, ohun tí kò ṣe rí láti kékeré.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn àfonífojì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú, láti ẹnìkan dé ẹnìkejì, wọ́n ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri láàrin wọn. Kò sí ẹnìkan.